Àwọn Òkú Ọdún Ikọ́ ní Agbo Ilé Wa

Mo rántí ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìjókò pẹ̀lú àpótí páànù kan àti ìdì bébà tí mo fi okùn dì, tí mo rò pé mo ti mọ ìwé tó láti lọ bi àwọn ìyá àgbà wa léèrè bí ènìyàn ṣe ń kú. Èmi nìkan ni mo wọ taì nínú gbogbo àwọn tó sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ń pa mí, ọrùn ń yún mi, ṣùgbọ́n mi ò ní tú u. Àwọn òyìnbó ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa nígbà náà, àwa tí a sì wà ní yunifásítì kò pọ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wálé fẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ti ń bọ̀. Mo bá lọ́rì tó kó obì lọ, mo jókòó lórí àpò, mo sì wọ Ọ̀tà pẹ̀lú eruku pupa ní ìpéǹpéjú.

Iṣẹ́ ìwádìí ni mo bá wá sílé. Gbogbo àwa tí a wà ní kíláàsì náà ni a gbọ́dọ̀ kọ àròkọ gígùn kan kí a tó jáde. Olùkọ́ wa, òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, pín kókó fún oníkálukú. Èyí tó kàn mí ni àjàkálẹ̀ àrùn tó gba gbogbo ayé kọjá nígbà tí ogun àkọ́kọ́ àwọn òyìnbó ń parí lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí àrùn náà fi sílẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké: ta ló kú, ta ló jogún oko, ta ló tọ́ àwọn ọmọ tó kù. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni òun yóò kọ̀wé fún kí ó lọ kàwé sí i lókè òkun. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ọdún ikọ́ ni àwọn àgbà Ọ̀tà ń pe ìgbà náà. Wọ́n ní Èkó ló ti wá, ó bá ọkọ̀ ojú irin dé Ìjókò, ó sì bá àwọn tó lọ ta obì níbẹ̀ padà wálé. Ẹni tó jí lówùúrọ̀ tó ní orí ń fọ́ òun, bí oòrùn bá fi máa wọ̀, wọ́n lè ti máa wá ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ náà di àwátì. Àáfà tó ń wẹ òkú dùbúlẹ̀, ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Lápá Àtàn, obì já sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó jẹrà, nítorí pé àwọn tó ni ín ń bẹ lórí ẹní. Gbogbo èyí ni wọ́n sọ fún mi láìsunkún. Ohun tó ti pẹ́ máa ń gbẹ bí ẹja. Èèyàn lè dì í mú láìṣe pé omi kán.

Nínú agbo ilé wa, obìnrin mẹ́ta ló kù láyé nínú àwọn ìyàwó tí ọdún ikọ́ bá nílé. Èkínní ni ìyáálé, ìyàwó àkọ́fẹ́ bàbá bàbá mi, tó ń ṣe àdín. Ìyàwó kékeré ló bí bàbá mi, ọdún ikọ́ sì pa á nígbà tí bàbá mi kò tíì já lẹ́nu ọmú; ìyáálé ló gbà á tọ́. Òun ni mo mọ̀ ní ìyá bàbá mi, òun ni mo ń pè ní Ìyá. Èkejì, ìyàwó àbúrò bàbá bàbá mi, ń ta obì. A ń pè é ní Ìyá Olóbì, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń la èèpo obì lọ. Ẹ̀kẹta, ìyàwó àbúrò wọn tó kéré jù, ń hun aṣọ. Etí Ìyá Ahunṣọ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ kò gbọdọ̀ bi ènìyàn púpọ̀ léèrè lójú kan náà, kí ẹnì kan má baà fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹnì kejì. Nítorí náà mo bá ìyá kọ̀ọ̀kan wọ yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí gègé mi. Mo ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ẹni tí ọdún ikọ́ pa nínú agbo ilé. Wọ́n dárúkọ wọn. Mo kọ ọ́. Ìyá Olóbì dárúkọ Adúmáadán, Ìyá Ahunṣọ dárúkọ Agùntáṣọọ́ló, Ìyá dárúkọ Baba Kékeré. Ọ̀kan ní Ìbàdíàrán, ọ̀kan ní Eyínfúnjowó. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, òkú mẹ́tàlélógún ló jáde láti inú agbo ilé tí yàrá rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo mọ̀ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí yóò mú irú òkú bẹ́ẹ̀ padà dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ wa.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú fọ́ọ̀mù mi ni iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bí àti iye tí ikọ́ pa níbẹ̀. Kí n tó dé yàrá Ìyá ni mo ti kọ "kò sí" síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ni pé kò bímọ. Síbẹ̀ mo bi í, nítorí ètò.

"Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ó ń ṣa èèpo tó fọ́ kúrò lára ekùrọ́. Kò gbójú sókè. "Ṣé wọ́n máa ń ka ọmọ níbi tí ẹ ti ń kọ́ ìwé ni?"

"Wọ́n ń kà á, Ìyá."

"Ó dáa, Akọ̀wé. Kọ ọ̀kan."

Mo rò pé bàbá mi tó gbà tọ́ ló ní lọ́kàn. Mo ní, "Èyí tí ẹ fúnra yín bí ni mo ń bi yín."

"Èyí tí mo fúnra mi bí ni mò ń sọ fún ọ." Ó wá gbójú sókè. "Ọkùnrin ni. Inú ọdún ikọ́ ni mo bí i, ó lo ọjọ́ mẹ́fà. Kò dé ọjọ́ ìkómọ. Bàbá àgbà rẹ wà nílẹ̀, kò mọ ẹni tó ń wọlé mọ́. Gbogbo ilé ló wà nílẹ̀. Èmi náà ni mo gbé e, èmi ni mo gbẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ níbi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àwọn tó yè dìde, kò sí oyún níkùn mi, kò sí ọmọ lẹ́yìn mi. Oyún ni wọ́n ní ó bàjẹ́. Mi ò tún lóyún mọ́."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ṣé o ò gbọ́ mi ni? Ọjọ́ mẹ́fà."

"Ta ló rí i, Ìyá?"

"Èmi." Ó padà sórí ekùrọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń pè mí lágàn nínú ilé yìí, wọn kì í pè é sí mi létí. O ní ìwé rẹ ń lọ sọ́dọ̀ òyìnbó. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo bí. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ."

Mo ní màá kọ ọ́. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó wọ taì kì í gbọ́ nígbà tí ẹyin bá bọ́.

Kí n tó padà, mo fẹ́ ka àkójọ òkú mi létí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí wọ́n lè bá mi sọ ọjọ́ orí oníkálukú. Mo kó wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo dìde dúró bí ẹni tó fẹ́ wàásù, mo ka orúkọ àkọ́kọ́.

"Adúmáadán."

"Ọkọ mi," ni Ìyá Olóbì wí, ó ń mi orí. "Ó dú, ó ń dán. Bó bá ń bọ̀ láti Ìjókò, eyín rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ rí."

Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e. "Agùntáṣọọ́ló."

Ìyá Olóbì ní, "Ta nìyẹn?"

Ìyá Ahunṣọ ní, "Tèmi ni. Ọkọ mi tó ga bí igi ọ̀pẹ, tó ń bá wọn gbé ẹrù ní ojú irin."

"Adúmáadán kọ́ lò ń sọ yẹn?"

"Adúmáadán kẹ̀? Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin kan náà ni, ìwọ yìí. Ọkùnrin tó ru àpò obì mi láti Ìjókò tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

"O ní ó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo ní kò gbà á! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ adití."

Ìyá, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sọ jẹ́jẹ́ pé, "Òun náà ni mo pè ní Baba Kékeré fún ọ, Akọ̀wé."

Bébà náà wúwo lọ́wọ́ mi. Èmi ọmọ Ọ̀tà, ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé náà gan-an, mo gbàgbé ohun tí ọmọ tó ń rákòrò mọ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ ní orúkọ àbísọ. Orúkọ tí ó bá wu oníkálukú wọn ló máa ń fún un. Àwọn mẹ́ta yìí kò pe orúkọ tèmi pàápàá rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo ti sin ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti sin àbúrò bàbá bàbá mi obìnrin, tí eyín rẹ̀ funfun tí ìdí rẹ̀ sì rí bí àrán, lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ti ń kà á ni wọ́n ń sọ pé, "Òun náà ni," "Òun kan náà ni," tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín náà sì ń di nǹkan mìíràn lójú wọn, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Nígbà tí a parí, mẹ́tàlélógún ti di mẹ́sàn-án.

"Akọ̀wé pa èèyàn ju ikọ́ lọ," ni Ìyá Olóbì wí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ sí mi.

Ìyá ní, "Mẹ́wàá ni. Ó ku ọ̀kan."

Ìyá Olóbì wo ilẹ̀. "Ìyáálé mi," ó wí, "a mọ̀ pé ẹ lóyún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dìde, a ò rí ọmọ. Irọ́ kọ́ ni mo ní ẹ pa o. A ò rí i ni."

"Ọmú tí bàbá Akọ̀wé mu, ta ló ni ín?"

"Àgbo ni a rò pé ẹ mu tí ọmú yín fi sun."

"Ta ló se àgbo náà? Ta ló dúró lórí ẹsẹ̀ nínú yín tó lè já ewé?" Kò gbé ohùn sókè. "Mo sin tèmi láàárọ̀. Ìyá tiẹ̀ kú kí oòrùn tó yí. Ọmọ ń ké, ọmú ń ro mí, mo gbé e. Ọmú yẹn ti ní ẹni tó ni ín kí ó tó kàn án."

Ìyá Ahunṣọ, tí mi ò mọ èyí tó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́, na ọwọ́, ó fi dì í lórúnkún mú. Ìyá Olóbì fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ìyáálé mi. Mo ti gbọ́."

Mo padà sí yunifásítì pẹ̀lú ìtìjú mẹ́tàlélógún náà. Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, mo gbé òfin kan kalẹ̀ fún iṣẹ́ mi: mi ò ní ka òkú kankan àyàfi tí mo bá mọ orúkọ àbísọ rẹ̀, tí ẹnu méjì ó kéré tán sì jẹ́rìí sí i. Mo fi òfin náà yẹ gbogbo agbo ilé tí mo dé wò, ní Ọ̀tà àti ní ọ̀nà Àtàn, iṣẹ́ mi sì mọ́ tónítóní. Olùkọ́ wa fẹ́ràn òfin náà. Ó ní èyí gan-an ni òun ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí. Mo wá bi í, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, pé ọmọ tí kò tíì ní orúkọ ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ nìkan sì rí? Ó rò ó díẹ̀. Ó ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n òfin tí a bá tẹ̀ síhìn-ín àti sọ́hùn-ún kì í ṣe òfin mọ́. Kí n ṣe bí mo bá ti rò pé ó yẹ.

Ó fi í sí mi lọ́wọ́. Mo máa ń fẹ́ gbàgbé apá yẹn. Fún ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ fún ara mi pé òyìnbó ló ní kí n má kọ ọ́. Ìlà kan péré ni ì bá gbà. Mo mú gègé dání fún ìgbà pípẹ́, mo rò ó pé ìlà kan yẹn lè mú kí ẹni tó bá ń kà á ṣe kàyéfì sí gbogbo ìyókù, mo sì rò ó nípa òkè òkun. Níwájú orúkọ Ìyá, lábẹ́ iye ọmọ tí ó bí, mo fi "kò sí" sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ kí n tó wọ yàrá rẹ̀. Iṣẹ́ náà gba máàkì tó dára. Ẹlòmíràn ló lọ sí òkè òkun.

Ìgbà ọdún Iléyá ni mo tún wálé, pẹ̀lú ẹ̀dà iṣẹ́ náà tí wọ́n ti tẹ̀ lẹ́rọ, tí wọ́n fi páálí bò. Bàbá mi gbé e kiri àdúgbò bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì ọdún, Ìyá pè mí sí yàrá rẹ̀. Ẹran sísun wà nínú àwo níwájú rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán.

"Ṣé ó wọ inú ìwé náà?"

"Ó wọ̀ ọ́, Ìyá."

"Kà á fún mi."

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ti bò mí láṣìírí. Mo ṣí ìwé náà síbi tí àtẹ agbo ilé wa wà, mo fi ìka sí abẹ́ ìlà kan tí kò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, mo sì kà pé, "Ìyáálé agbo ilé yìí bí ọmọkùnrin kan ní ọdún ikọ́. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ló sin ín."

Ó di ojú. Ẹ̀rín kékeré kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tí mi ò rí níbẹ̀ rí. Mo ti ń pa ìwé náà dé nígbà tó ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà. Mo fẹ́ kí ó dùn sí i ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ní ọdún ikọ́, ìyáálé bí ọmọkùnrin kan tó lẹ́wà. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò láyé. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sin ín sí."

Ìyá la ojú. Obìnrin yìí kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b", ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń jókòó lẹ́yìn àwọn àáfà nígbà tí wọ́n bá ń ka Kùránì. Ó ti gbọ́ ìwé kan náà lẹ́nu bàbá, lẹ́nu ọmọ, lẹ́nu ọmọ ọmọ, kò sì gbọ́ kí ọ̀rọ̀ kan kúrò ní ipò rẹ̀ rí. Ó mọ bí ohun tó wà lákọsílẹ̀ ṣe máa ń rí létí.

Ó wò mí pẹ́. Mo ń retí kí ó bínú. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó ṣí i síbi tó wù ú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dé, ó sì dá a padà fún mi.

"Ó ti tó, Akọ̀wé," ó wí. "Ọlọ́run á jẹ́ kí o bí tìrẹ, wọn á sì rí wọn."

Mo ṣe àmín. Kò tún bi mí nípa ìwé mọ́ títí tó fi kú, kò sì yí ìwà padà sí mi. Ó ń fi ẹran pamọ́ dè mí bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń pè mí ní ọkọ rẹ̀. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní ó bú mi.

Mo ti dàgbà ju bó ti dàgbà lọ nígbà yẹn. Mo bí tèmi, wọ́n sì rí wọn. Mi ò ní kà wọ́n fún yín. Àwọn ilé iṣẹ́ ti gba ilẹ̀ láti Ṣàngó wọlé, bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Agbára ń fọn fèrè kọjá ibi tí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ wa wà, kò sì sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó dí mi lọ́wọ́ láti fa ìlà gba àárín "kò sí" yẹn kí n sì kọ ohun tó yẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti mú gègé sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo sì ń gbé e sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Bí mo bá kọ ọ́ lónìí, yóò dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ kan kò ní kúrò ní ipò rẹ̀, ẹni tí ì bá sì ní kí n tún un kà kò sí mọ́.